Ilẹ̀kùn kékeré ara X-1

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo lọ wo X-1, ọkọ̀ òfuurufú kan tó sáré ju ìró lọ. Lọ́dún 2014, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Maryland. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ọ̀rọ̀ bàálù ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ló fà mí lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian tó wà fún ọkọ̀ òfuurufú ní Washington.

"Àǹtí, ẹ wo X-1 lókè yẹn!"

Mo gbójú sókè. Ọkọ̀ kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ara rẹ̀ rí bí ọta ìbọn. Òun ni Chuck Yeager, awakọ̀ òfuurufú ará Amẹ́ríkà, fi sáré ju ìró lọ ní October 14, 1947, lókè aṣálẹ̀ Muroc ní California. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ti gbéra o. Abẹ́ ikùn B-29, ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan, ni wọ́n so ó mọ́, ìyẹn sì jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀run kó tó tan iná rọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Ọmọ náà wá ní ẹṣin ti gbé Yeager ṣubú nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó fò, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì ti ṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Egungun ìhà tèmi náà ti ṣẹ́ rí, ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Mọ́kọ́lá. Bí mo bá húkọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fọ̀bẹ gún mi. Sísín ò ṣe é sín. N ò lè nawọ́ mú ife omi lórí tábìlì.

Yeager ò jẹ́ káwọn ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, kí wọ́n má bàa dá a dúró. Àmọ́ ìhà ọ̀tún ló ṣẹ́, ọ̀tún náà sì ni ilẹ̀kùn X-1 wà. Jack Ridley, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá gé igi ìgbálẹ̀ òyìnbó bí íǹṣì mẹ́wàá fún un, kó lè máa fọwọ́ òsì ti ilẹ̀kùn náà pa. Ridley yìí kan náà ló yanjú wàhálà ìrù ọkọ̀ náà: bí eré bá ti sún mọ́ ti ìró, ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń darí imú ọkọ̀ sókè sódò kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n máa yí ìyẹ́ ìrù lódindi.

Mo gun àjà òkè lọ, níbi tí èèyàn ti lè wo ọkọ̀ náà lọ́gbọọgba. Mo wo ilẹ̀kùn yẹn títí. Ọmọ ti sáré lọ wo òmíràn. Ìgbà tó padà wá pè mí ni mo tó rí i pé mo ti fọwọ́ di ìhà mi mú.