Hi-Power àtijọ́ àbí SA-35: ibi tí mo parí rẹ̀ sí

Ẹ kú ìdáhùn o, ẹ̀yin ará Houston àti ẹ̀yin tó kù. Mo bi yín bóyá kí n ra ìbọn ìléwọ́ Browning Hi-Power àlòkù, tí wọn kò ṣe mọ́, àbí SA-35, irú rẹ̀ tí iléeṣẹ́ Springfield Armory gbé jáde ní 2021. SA-35 ni mo rà.

Kì í ṣe pé ti àtijọ́ kò dáa. John Browning ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Dieudonné Saive parí rẹ̀ lẹ́yìn ikú ọ̀gá náà. Ó jáde ní 1935, ó ń gba ọta 13 nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba 7 tàbí 8. Ta ló fẹ́ bú u? Àmọ́ òòlù ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń gbá kó lè yìn, máa ń bu àwọ̀ ọwọ́ èèyàn jẹ, pàápàá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tóbi bíi tèmi. Irin kan tún wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó yìn bí ilé ọta kò bá sí nídìí rẹ̀. Irin yẹn ló ń mú kí ibi tí ìka ń fà láti yìn ín le, tí ilé ọta kì í sì í fẹ́ já bọ́ fúnra rẹ̀ téèyàn bá fẹ́ yọ ọ́. Springfield yọ ọ́ kúrò, wọ́n tún òòlù ṣe. Ilé ọta tiwọn ń gba 15, ti Browning náà sì ń wọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní kí n wo High Power tuntun tí iléeṣẹ́ FN gbé jáde ní 2022, ẹ ṣé. Ọta 17 wù mí, ṣùgbọ́n ilé ọta àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi kò lè wọ̀ ọ́.

Dídán irin Browning ṣì wù mí ju tèmi lọ, kí n má purọ́. Ẹ lè ti ìbéèrè yìí. Ẹni tó fẹ́ ta Hi-Power rẹ̀ fún mi, ẹ má bínú, ẹ wá oníbàárà mìíràn.