Àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ ní Lyon: alẹ́ wo ni kí n mú ìyá mi jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyá mi ń lọ sí Lyon ní ilẹ̀ Faransé lóṣù Kejìlá, nítorí àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ń dun màmá, mi ò sì fẹ́ kí èrò tì wọ́n ṣubú. Alẹ́ wo ló dára jù?

Èsì 1: Ẹ má pàdánù Place des Terreaux, gbàgede ńlá kan ní Lyon! Wọ́n máa ń tan àwòrán oníná sára ògiri ilé ńláńlá ibẹ̀, pẹ̀lú orin. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an.

Èsì 2: Alẹ́ ọjọ́ 8 ni tèmi. Lọ́jọ́ yẹn ní 1852, wọ́n fẹ́ ṣí ère Màríà lórí òkè Fourvière, ìjì sì fẹ́ ba ètò jẹ́. Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́, àwọn ará ìlú fúnra wọn tan àbẹ́là sójú fèrèsé. Wọ́n ṣì ń tàn án. Kódà ní 2015, tí wọ́n fagi lé àjọ̀dún náà lẹ́yìn ìkọlù àwọn agbésùmọ̀mí ní ìlú Paris, àbẹ́là yẹn ni wọ́n fi ṣèdárò. Ẹ mú màmá gba àdúgbò tó dákẹ́, kí wọ́n máa wo fèrèsé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju iná ńlá lọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ 8 la máa jáde.