"The the" nínú bíìlì Springfield: ẹ bá mi wò ó o

Ìyá Ìbejì (Chicago): Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sórí wọ́sáàpù ṣọ́ọ̀ṣì wa pé àwọn aṣòfin Illinois ti gbé bíìlì ìjọba ìbílẹ̀ kan jáde, pé property tax wa máa fò sókè. Mo lọ sí ilga.gov, sáìtì àwọn aṣòfin náà, mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀, LOCAL GOVERNMENT-TECH ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, mo kà á títí mi ò rí owó orí kankan, gbogbo ohun tó ṣe ò ju pé ibi tí "the" kan wà tẹ́lẹ̀ wọ́n sọ ọ́ di "the the". Ṣé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń tòògbé ni?

Akáńbí (Bolingbrook): Kò tòògbé o màmá, ojú ẹ̀ là kedere. Shell bill nìyẹn, ó kàn wá gbàyè sílẹ̀ ni. Òfin ìpìlẹ̀ Illinois ti 1970 ní wọ́n gbọ́dọ̀ ka bíìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ilé kọ̀ọ̀kan, House àti Senate. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń to àwọn òfìfo yìí kalẹ̀ rẹpẹtẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, REVENUE-TECH, EDUCATION-TECH, èyí tẹ́ ẹ bá ṣáà ti rí TECH nídìí ẹ̀, wọ́n á kà á kà á kó tó di May, tí àwọn ọ̀gá bá wá fẹnu kò tán, wọ́n á pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, wọ́n á da ọ̀rọ̀ tuntun sí i, kíkà tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ha! Kò sẹ́ni tó lè gbé wọn lọ sílé ẹjọ́?

Akáńbí: Wọ́n ti gbé wọn lọ rí. Tí olórí ilé méjèèjì bá ti lè buwọ́ lù ú pé àwọn tẹ̀lé ìlànà, ilé ẹjọ́ ò ní tú u wò mọ́, òfin ìpìlẹ̀ yẹn náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bíìlì Senate kan, SB 2412, lọ́dún 2024, ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe òfìfo, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló wà nínú ẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìdìbò rọ́pò. May 1 House gbà á wọlé, May 2 Senate gbà á, May 3 Gómìnà Pritzker ti buwọ́ lù ú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Sacramento): Ọ̀dọ̀ wa ní California, spot bill ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ láti 2016 tí àwa aráàlú ti dìbò gbé òfin Proposition 54 wọlé, bíìlì gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 72 kí wọ́n tó dìbò ìkẹyìn. Ní Hawaii ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga wọn sọ lọ́dún 2021 pé tí wọ́n bá ti pààrọ̀ inú ẹ̀ pátápátá àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akáńbí: Ẹ̀yin lẹ jayé. Màmá, ẹ má bẹ̀rù jù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn inú Rules Committee, kọmítì tí wọ́n ń kó bíìlì pa mọ́ sí, ló máa kú sí. Ẹ má wo àkọlé, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ ṣí ojú ìwé Bill Status ẹ̀ lórí sáìtì yẹn, ẹ wo ibi Actions. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí "Amendment No. 1 Filed" ni kẹ́ ẹ tó jí, kẹ́ ẹ ka àtúnṣe yẹn gan-an. Tí wọ́n bá kọ "county with 3,000,000 or more inhabitants" síbẹ̀, Cook County nìkan ni wọ́n ń bá wí, ẹ̀yin nìyẹn, kò kan àwa tá a wà ní Will County. Wọn kì í dárúkọ ìlú tààrà torí òfin ò fẹ́ kí wọ́n ṣòfin fún àdúgbò kan ṣoṣo tí òfin gbogbogbò bá lè ṣe é, iye èèyàn ni wọ́n máa ń fi júwe ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ fi witness slip sílẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń sọ fún kọmítì bóyá ẹ fara mọ́ bíìlì tàbí ẹ ò fara mọ́ ọn, orí sáìtì yẹn náà ni, ẹ ò ní lọ sí Springfield tí ilé ìgbìmọ̀ wọn wà. Tẹ́ ẹ ò bá fara mọ́ ọn, ẹ mú Opponent, ẹ mú Record of Appearance Only, ìyẹn ni pé ẹ kàn fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ rí i pé àtúnṣe yẹn lẹ fi slip sí o, kì í ṣe bíìlì òfìfo, torí slip tẹ́ ẹ fi sí "the the" ò sọ nǹkan kan nípa èyí tí wọ́n wá kó dé. Kẹ́ ẹ sì ṣe é kíá, tí May bá ń parí lọ, wákàtí kan péré ni wọ́n lè fi kéde ìjókòó kọmítì nígbà míì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni bọ̀dá mi. Fọ́ọ̀mù yẹn ń bi mí ní Firm báyìí, orúkọ ilé iṣẹ́, kí ni kí n kọ, èmi tí mò ń ta ẹja?

Akáńbí: Ẹ kọ Self. Síbi Representation náà, ẹni tẹ́ ẹ ń ṣojú fún, Self.