Báwo ni ògbufọ̀ ilé ìwòsàn ṣe lè kọ́ṣẹ́ síwájú sí i ní Àgbádárìgì?

Ọmọ Àjárà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Àgbádárìgì ni mo ń gbé. Èdè Ẹ̀gùn ni wọ́n fi tọ́ mi, mo gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo sì kọ́ Faransé ní Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjárà níhìn-ín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ilé ìwòsàn àdáni kan ti ń ránṣẹ́ pè mí kí n wá ṣe ògbufọ̀ láàárín dókítà àti àwọn aláìsàn tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pàápàá àwọn ìyá láti abúlé àwọn apẹja tó wà létí ọ̀sà, àti àwọn tó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé kò sí ẹni tó lè sọ fún mi bóyá mo ń ṣe é bó ṣe yẹ. Dókítà á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, aláìsàn á ṣàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbọ́ èdè ẹnìkejì nínú wọn débi tí yóò fi mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ gan-an ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, mi ò sì fẹ́ máa fi òye orí lásán ṣe é. Mo gbọ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìdánwò tí ògbufọ̀ ìlera máa ń ṣe kí ó tó gba sátífíkéètì, àti pé àwọn ọmọ Yorùbá kan ń ti ilé wọn ṣiṣẹ́ fún ilé ìwòsàn òkèèrè lórí tẹlifóònù. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ fún ìyẹn ni, àbí nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe níbi tí mo wà yìí? Wọ́n tún ń bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn aboyún sí Ẹ̀gùn. Mi ò tíì gbà, nítorí mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan náà ni.

Ògbufọ̀ Ìkòròdú

Ẹ kú ìbéèrè. Ìkòròdú ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, orí tẹlifóònù ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi sì ti ń wáyé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti sátífíkéètì.

Àjọ méjì ló ń ṣe ìdánwò náà ní Amẹ́ríkà, CCHI àti NBCMI, ọdún 2009 sì ni wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Kí ènìyàn tó lè jókòó ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ ìlera fún wákàtí 40, ó kéré tán, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé òun gbọ́ èdè tí òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ wá kíyè sí èyí: èdè díẹ̀ ni wọ́n ń fi ìdánwò àfẹnusọ wádìí wò. Èdè Sípéènì, Lárúbáwá àti Mandarin ni ti CCHI; NBCMI ní ti Sípéènì, Rọ́ṣíà, Kòríà, Vietnam àti èdè Ṣáínà méjì. Yorùbá kò sí níbẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí Ẹ̀gùn. CoreCHI ni ìdánwò tó ṣí sílẹ̀ fún ògbufọ̀ èdè gbogbo lọ́dọ̀ CCHI, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń wò ó bóyá ènìyàn mọ ìwà tó yẹ ògbufọ̀, bóyá ó mọ bí a ṣe ń darí ìjókòó láàárín dókítà àti aláìsàn, àti bóyá ó lóye ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ó wúlò púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ bá ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá Ẹ̀gùn yín péye nígbà tí dókítà bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún ìyá kan. Ohun tó ń ká yín lára gan-an nìyẹn, owó ìdánwò kò sì lè yanjú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wákàtí ẹ̀kọ́ ṣáájú sátífíkéètì. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, Glenn Flores, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn ìjókòó àwọn ìdílé tó ń sọ èdè Sípéènì pẹ̀lú dókítà wọn sílẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, wọ́n rí àṣìṣe ògbufọ̀ tó tó 31 nínú ìjókòó kan, tí a bá pín in dọ́gba, ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ fò ló sì lé ní ìdajì wọn. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2012. Nínú àṣìṣe àwọn ògbufọ̀ tó ti gba ẹ̀kọ́ fún wákàtí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 2 nínú 100 ló lè pa aláìsàn lára. Ti àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá 12. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé iye ọdún tí ògbufọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kò dín àṣìṣe rẹ̀ kù, ẹ̀kọ́ tó gbà ló dín in kù. Ẹni tó bá rò pé pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan yóò sọ òun di ọ̀gá ń tan ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀pẹ́

Ọmọ mi, o káre tí o bèèrè. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú rere kọ́ ni ilé ìwòsàn ń ṣe fún aláìsàn nígbà tí wọ́n bá pè ọ́. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣàlàyé ipò ìlera rẹ̀ fún un, kí àlàyé náà sì jẹ́ ní èdè tí ó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, àti lọ́nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni.

Lẹ́yìn náà, kọ́ bí iṣẹ́ ìtọ́jú ṣe ń lọ, kì í ṣe orúkọ àìsàn nìkan. Dókítà ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé tó bá ń bèèrè ọ̀rọ̀: ohun tó gbé aláìsàn wá, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn tó ti ṣe é rí, oògùn tó ń lò lọ́wọ́, àìsàn tó wà nínú ìdílé. Ògbufọ̀ tó bá mọ ìdí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kò ní gé ìdáhùn kúrú. Mú aboyún kan tó sọ pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ń ṣú, pé ẹsẹ̀ àti ojú òun wú. Tí ògbufọ̀ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó ní orí ló ń fọ́ ọ, dókítà lè má fura rárá sí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tó lè yọrí sí gìrì, tó sì lè pa ìyá àti ọmọ. Ohun tí aláìsàn bá sọ ni kí o sọ, gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan lójú tìrẹ. Tọrọ àyè lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù kí o máa wá jókòó tẹ́tí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe fún àwọn aboyún kí dókítà tó rí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ìwúlò rẹ̀ fún ọ kò sì kéré.

Ti àṣírí ńkọ́? Ìlú yín kò tóbi púpọ̀, ìwọ àti aláìsàn yóò ṣáà pàdé ní ọjà Àgbálátà. Má bèèrè ara rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni. Abala 26 òfin yẹn kan náà ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Àjárà

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, ará Ìkòròdú. Ohun méjì ló kù. Nígbà mìíràn ìyá ọkọ ló máa ń dáhùn fún ìyàwó, àgbàlagbà sì ni, mi ò lè dá a lẹ́kun. Èkejì ni pé mi ò lè gba ohùn aláìsàn sílẹ̀ láti fi yẹ ara mi wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí mo kù sí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀pẹ́

Má dá ìyá náà lẹ́kun. Ohun tó bá sọ ni kí o sọ fún dókítà, kí o sì fi kún un pé ìyá ọkọ ló sọ ọ́, kì í ṣe ìyàwó. Dókítà ló ni iṣẹ́ àtisọ pé òun fẹ́ gbọ́ látẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀, tàbí pé kí ìyá náà lọ jókòó síta díẹ̀. Bá dókítà sọ èyí tẹ́lẹ̀ kí aláìsàn tó wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún un.

Atúmọ̀ Èdè, Àgbádárìgì

Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn. Òótọ́ ni pé kò tọ́ kí ẹ gba ohùn aláìsàn sílẹ̀. Ẹ kọ ìjókòó àfiṣèdánrawò dípò rẹ̀: kí ẹnìkan ṣe dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnìkan ṣe aláìsàn ní Ẹ̀gùn, kí ẹ̀yin sì wà láàárín. Ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ẹ sì sàmì sí ohun tí ẹ fò, ohun tí ẹ fi kún un, ohun tí ẹ pààrọ̀, àti ibi tí ẹ ti fi èrò yín rọ́pò ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe dá nìkan sàmì sí i. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ni kí ó bá yín ṣe é, nítorí etí ẹni kì í gbọ́ àléébù ẹni tán. Iye oògùn àti iye ìgbà tí a ó lò ó lóòjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò.

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìtumọ̀ àkọsílẹ̀. Ẹ gbà á, ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn mọ̀ pé ẹ nílò àkókò àti ẹlòmíràn. Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Kí ẹlòmíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí nọ́ọ̀sì sì fi èyí wé ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kà á fún àwọn ìyá bíi mélòó kan láti abúlé àwọn apẹja, àwọn tí kò kàwé, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún yín. Ibi tí àlàyé wọn bá ti yàtọ̀ ni ẹ óò tún ṣe. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà túmọ̀ ìwé ìwádìí ìṣègùn káàkiri àgbáyé. Mi ò fara mọ́ kí a máa fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìwé aboyún ní Ẹ̀gùn láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ìjókòó àfiṣèdánrawò, tí ẹ bá ti rí ẹni tí yóò ṣe aláìsàn, èmi yóò ṣe dókítà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló rọ̀ mí lọ́rùn jù.