Tí a bá ta ìkànnì ìtajà, ṣé orúkọ oníbàárà ń bá ọjà lọ ni?

Àjọkẹ́_Sáìtì: Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rírà àti títa ìkànnì, ẹ bá wa dá sí i. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìmeèlì oníbàárà, ṣé ara ọjà ni?

Lọ́yàKékeré: Ó dọ́wọ́ ohun tí wọ́n rà. Bó bá jẹ́ ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ tó gba dátà náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ló yí. Bó bá jẹ́ orúkọ sáìtì, kóòdù àti dátàbéèsì, ọwọ́ ẹlòmíràn ni dátà bọ́ sí yẹn, olúwarẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fara mọ́. "Mo ti sanwó" kì í ṣe ìdí.

Bàbá_Kóòdù: 😂 Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́.

Ṣèyí_Ọjà: Ta ló ń mú èèyàn ní Nàìjíríà yìí?

Lọ́yàKékeré: Ẹ̀gbọ́n, NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, wà níbẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tó tóbi lójú òfin, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ní Bavaria, Jámánì, lọ́dún 2015, torí ìmeèlì oníbàárà ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àtolùtà àtolùrà ni wọ́n bu owó ìtanràn lé.

Màmá_Ìbejì: Olùtà a máa rò pé òun ti bọ́.

Bàbá_Kóòdù: Kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, iye nìkan ni kí ẹ fi han olùrà: iye oníbàárà, iye tó rajà láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ má fi wp_users, tábìlì orúkọ àti ìmeèlì àwọn tó ní àkáǹtì lórí sáìtì WordPress, ránṣẹ́ lórí WhatsApp! Bí ọjà bá fọ́, kò ṣeé gbà padà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹ pa àkáǹtì alábòójútó àtijọ́ rẹ́, ẹ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù dátàbéèsì, gbogbo API key (kọ́kọ́rọ́ tí sáìtì fi ń bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀) àti àwọn salt (ọ̀rọ̀ àṣírí) inú wp-config.php, fáìlì ètò WordPress. Pípààrọ̀ salt yẹn ló ń lé ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ jáde. Ẹ̀dà tó wà nínú Google Drive olùtà ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé.

Ṣèyí_Ọjà: Káàdì àwọn tó ń san owó oṣooṣù ńkọ́?

Bàbá_Kóòdù: Nọ́ńbà káàdì ò gbọdọ̀ sí lọ́dọ̀ yín rárá. Tókìn, àmì tó dúró fún káàdì, lẹ ní, àkáǹtì yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìsanwó ló sì so mọ́. Kí ẹ bá wọn sọ ọ́, àbí kí oníbàárà tún káàdì rẹ̀ fi sí i.

Màmá_Ìbejì: Orúkọ àwọn tó ti ní "ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́" gbọ́dọ̀ bá ìyókù lọ o. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti bínú tẹ́lẹ̀ ni ìmeèlì àkọ́kọ́ olùrà máa lọ bá.

Ṣèyí_Ọjà: Bí ìlànà àṣírí bá wí pé "a ò ní fún ẹnikẹ́ni láéláé" ńkọ́?

Lọ́yàKékeré: Ẹnu yín kó bá yín nìyẹn. Toysmart, ìsọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, kọ irú rẹ̀. Nígbà tó kógbá sílé ní 2000, tó fẹ́ ta orúkọ oníbàárà, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, pè é lẹ́jọ́. Nígbẹ̀yìn, ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ Disney san $50,000 kí wọ́n lè pa orúkọ náà rẹ́.

Ṣèyí_Ọjà: Kí wọ́n sanwó kí nǹkan lè parẹ́? Òyìnbó!

Àjọkẹ́_Sáìtì: Ìgbà wo la máa wá sọ fún oníbàárà?

Màmá_Ìbejì: Ṣáájú. Olùtà ni kó kọ ọ́, òun ni wọ́n mọ̀. Kó dárúkọ olùrà, kó sọ ohun tó ń lọ, kó fi lìǹkì sí i fún ẹni tí kò bá fẹ́. Ọ̀sẹ̀ 2 ti tó.

Lọ́yàKékeré: Kò tó, ma. Ọ̀sẹ̀ 6 ni àwọn aláṣẹ ààbò dátà Jámánì fi ṣàpẹẹrẹ ní 2019.

Ṣèyí_Ọjà: Jámánì, Jámánì! Olùrà wo ló máa dúró ọ̀sẹ̀ 6 l'Ékòó?

Bàbá_Kóòdù: Kó gba sáìtì lónìí, kí dátà dúró, kí ìdajì owó wà lọ́wọ́ ẹni kẹta títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Olùtà ló máa pariwo, kì í ṣe olùrà.