Pípààrọ̀ bendix sítátà tírákítọ̀ àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Bí mo bá ṣáná sí tírákítọ̀ wa, mọ́tò sítátà máa ń yí fìrìrì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í yí rárá. Ṣé bendix, ìyẹn gíà kékeré orí sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ni kí n pààrọ̀?

Èsì kìíní: Ó jọ pé eyín bendix kò jáde lọ bá eyín fláíwíìlì (wíìlì irin ńlá tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì) mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì, kí ẹ yọ sítátà, kí ẹ sì fi kẹrosíìnì fọ ọ̀pá tí bendix ń gùn, nítorí pé ìdọ̀tí lásán ló sábà máa ń há a mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ geere, ẹ lè má nílò tuntun.

Èsì kejì: Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi gírísì sí ọ̀pá náà o. Eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí iye eyín wọn lè dọ́gba.

Èsì kẹta: Ẹ yẹ eyín fláíwíìlì náà wò yípo. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 sábà máa ń dúró sí ojú méjì kan náà, ibẹ̀ sì ni eyín ti ń jẹ jù. Bí ó bá ti jẹ, yóò tètè ba bendix tuntun jẹ́.