Àǹtí kì í ṣe òbí lójú òfin: ẹ wá sọ tiyín

Àǹtí Chicago:
Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá rẹ̀ wà. Èmi ni mò ń lọ ìpàdé òbí nílé ìwé rẹ̀, èmi náà ló kọ́kọ́ sọ fún pé òun lóyún. A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní òun kò lè bí i. Mo ní ó dáa, a ó jọ lọ kí wọ́n bá a ṣẹ́ ẹ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí. Nọ́ọ̀sì ṣàánú wa, ṣùgbọ́n ó ní n kò sí lára àwọn tí òfin kà. Òfin Illinois tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013 sọ nígbà náà pé, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú kí dókítà tó ṣẹ́ oyún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí ó fi tó òbí létí, tàbí òbí àgbà, tàbí ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá tó ń gbé inú ilé, tàbí alágbàtọ́ tó ní ìwé kóòtù. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ìyàwó bàbá tó wọlé lánàá ni ẹbí, èmi tí mo tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ẹbí.

Ẹ máa ní kí n sáà pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ á padà sílé, ilé ìwé parí nìyẹn.

Ó wá ku adájọ́, tó lè yọ̀ǹda kí wọ́n má sọ fún òbí. ACLU ti Illinois, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, ló ń bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá lọ́yà ọ̀fẹ́ nígbà náà. A kò san kọ́bọ̀ ní kóòtù, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde. Òfin fún adájọ́ ní wákàtí 48 láti dáhùn, ṣùgbọ́n kí a tó rí ọjọ́ tí kò ní ìdánwò, ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, oyún kì í sì í dúró de ẹnìkan. Ìta ni mo jókòó sí. Ó ní wọ́n bi òun pé kí ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, àgbà wo ni òun bá sọ ọ́. Ó dárúkọ mi. Adájọ́ fọwọ́ sí i.

Ohun tí kò yé mi títí di òní: ká ní ó fẹ́ bí i, tí dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ni, òun nìkan ni ì bá fọwọ́ sí ìwé. Wọn kò ní pe Ìbàdàn.

Bàbá Indiana:
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má bínú, èmi ò lè gbà. Ilé ìwé àwọn ọmọ mi kì í fún wọn lóògùn ẹ̀fọ́rí láìpè mí. Kí adájọ́ wá mọ̀, kí èmi má mọ̀? Kì í ṣe gbogbo bàbá ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́. Níbi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ nípa Becky Bell, ọmọ ọdún 17 ní Indianapolis níbí, tó kú ní 1988 lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń jiyàn bí oyún náà ṣe bàjẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní kò fẹ́ já àwọn kulẹ̀ ni kò ṣe sọ, wọ́n sì lọ káàkiri pé kí wọ́n fagi lé òfin tó ní kí òbí fọwọ́ sí i kí ọmọ tó ṣẹ́yún. Mo délé, mo ní kí àwọn ọmọ mi máa sọ gbogbo nǹkan fún mi. Èyí àgbà ní, "Dádì, ṣé ẹ ò ní pariwo?" N kò tètè rí nǹkan sọ.

Ọmọ Boston:
Èmi ni ọmọ náà ní tèmi. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà, kí Massachusetts tó gba ọmọ 16 àti 17 láàyè ní ìparí 2020 láti ṣẹ́yún láìsí àṣẹ òbí tàbí adájọ́. Adájọ́ ṣe jẹ́jẹ́. Irọ́ ni mo rántí jù: fún ilé ìwé, fún mọ́mì, fún pásítọ̀ tó fẹ́ gbé mi délé. Mọ́mì gbọ́ nígbà tí mo ti wà ní yunifásítì. Oyún kọ́ ló dùn wọ́n. Wọ́n ní ọkùnrin tí kò mọ oríkì mi ló jókòó, tó ń wò ó bóyá mo gbọ́n. Bàbá Indiana, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọmọ yín lóhùn.

Àǹtí Chicago:
O ṣé, àbúrò. Illinois ti fagi lé tiwọn láti oṣù Kẹfà 2022, ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ti kọjá 18 nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbọ́. Ẹnu ọmọ ni kó ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ará Texas àti Florida dà?